Kí Ẹ̀rù Ọ̀gá Má Ba Iṣẹ́ Jẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò wa sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ ní Àbújá)

  

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí lórí bí ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ṣe lè mú kí ọkàn àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ balẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé pọ̀ láàrin wa tí wọ́n lè fi gẹ̀ẹ́sì ńlá sọ ọ́. Ìwé kẹfà ni èmi kà dé. Ṣùgbọ́n mo ti wà lábẹ́ ọ̀gá rí, àwọn ọmọ sì ti wà lábẹ́ tèmi, inú ọjà ni mo sì ti ń wo ìwà ènìyàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ọlọ́jà ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Àwa tí a jókòó síhìn-ín, iṣẹ́ ló gbé wa wá sí ìlú yìí. Ọmọ Yorùbá kan, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní 1975 láti wo ọ̀rọ̀ olú-ìlú tuntun. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, òfin dá Àbújá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ ṣí kúrò ní Èkó wá síbí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń tẹ̀ lé e wá: ẹni tí ó ń ta pákó àti sìmẹ́ńtì ní Dei-Dei, ẹni tí ó ń kan àga ní Kugbo, mẹkáníìkì ní Apo, aránṣọ àti onídìrí ní Wuse, Garki, Nyanya àti Kubwa, akọ̀wé nínú ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ènìyàn lábẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ní ọ̀gá lókè. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ọ̀gá tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n fún, òun ni ó máa ń gbọ́ ìròyìn búburú gbẹ̀yìn, nígbà tí kò bá sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́.

OHUN TÍ ỌMỌ IṢẸ́ Ń ṢÍRÒ NÍNÚ ỌKÀN RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni níhìn-ín o. Òjò oṣù Kẹjọ ń rọ̀, ìṣó kan ti tú lára páànù òkè, omi sì ń kán sórí àpò tí ó wà ní kọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó ń gbálẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí i. Ó dúró, ó ń rò ó. “Bí mo bá sọ fún ọ̀gá, yóò bi mí pé níbo ni mo wà kí omi tó wọlé. Yóò gbá mi létí. Ó lè ní òun yóò yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ mi. Bí mo bá dákẹ́, bóyá òjò á dá. Bóyá ẹlòmíràn ni yóò rí i, kí ó fọ́ mọ́ onítọ̀hún lórí.” Ọmọ náà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àpò mẹ́ta ni ó tutù ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ọ̀gá yóò fi dé kọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀sẹ̀ kejì, ogójì àpò ti di òkúta. Ariwo sọ, wọ́n na ọmọ, wọ́n sì dá a padà sílé. Ọ̀gá ń sọ fún gbogbo ará ọjà pé ọmọ burúkú ni wọ́n mú wá fún òun. Kò mọ̀ pé ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ìṣirò ni ó ṣe. Ìyà ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ dájú, ojú ẹsẹ̀ sì ni. Ìyà ẹni tí ó bá dákẹ́ kò dájú, ó sì di ọjọ́ mìíràn. Èwo ni ẹ̀yin ìbá mú? Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọmọ náà ní ìṣirò yìí, láti ọjọ́ tí ó ti ń gbá ẹni tí ó bá mú ìròyìn wá létí.

N kò sọ pé ẹ̀rù kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ̀rù lè mú kí ọmọ tètè dé ṣọ́ọ̀bù. Ó lè mú kí ó gbálẹ̀ kí ó mọ́ tónítóní. Gbogbo ìyẹn ni ojú ọ̀gá rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ọ̀gá kò tó, tí ọmọ nìkan rí, ẹ̀rù kò lè mú un jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohun náà gan-an ni ó sì máa ń ba ọjà jẹ́.

NÍGBÀ TÍ Ó BÁ DI Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀MÍ

Ẹ lè sọ pé ogójì àpò sìmẹ́ńtì kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ pe àpéjọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì wà lórí ọ̀nà kan náà ní pápákọ̀ Los Rodeos, ní erékùṣù Tenerife tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Sípéènì. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ KLM ti ilẹ̀ Hólàńdì, ìkejì jẹ́ ti Pan Am ti Amẹ́ríkà. Kùrukùru bo ilẹ̀, ọkọ̀ kan kò rí èkejì. Awakọ̀ àgbà ti KLM, Jacob van Zanten, kì í ṣe ẹni kékeré. Òun ni ó ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn, kódà àwòrán rẹ̀ wà nínú ìpolówó ilé-iṣẹ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra. Ẹnjiníà tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò tí ó kọ ọ́ lóminú. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dá a lóhùn gbọn-in pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì kọlu ara wọn, ènìyàn 583 sì kú. Títí di òní, kò tíì sí ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú mìíràn tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni ó fà á. Kùrukùru wà níbẹ̀, ohùn orí rédíò sì dí ara wọn lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nínú ọkọ̀ náà tí ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un, ẹnu rẹ̀ kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá nítorí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ìjàm̀bá yìí àti àwọn mìíràn, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn kékeré bí wọn yóò ṣe sọ̀rọ̀ fún awakọ̀ àgbà, wọ́n sì ń kọ́ awakọ̀ àgbà bí yóò ṣe gbọ́. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀kọ́ méjì ni. Bí a bá kọ́ ọmọdé láti sọ̀rọ̀, tí a kò kọ́ àgbà láti gbọ́, inú ìyà ni a rán ọmọ lọ.

Ẹ má sì rò pé ọkọ̀ òfurufú nìkan ni. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, tí ó rí i pé wáyà ń ṣáná, tí kò lè sọ fún ọ̀gá pé kí ó dúró ná, ẹ̀mí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ọmọ bíríkìlà tí ó gbọ́ tí pákó tí wọ́n ń dúró lé ń ké, tí ó sì dákẹ́ nítorí pé wọ́n ti pè é ní ojo lánàá, ẹ̀mí ni.

Nílé wa níhìn-ín, a ti rí àǹfààní ọ̀gá tí ó gbọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan láti Làìbéríà, Patrick Sawyer, balẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Obalende. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wò ó, ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ebola. Àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ sí ìpàdé tí ó torí rẹ̀ wá, tí yóò wáyé ní Calabar. Dókítà Adadevoh ní kò ní lọ. Ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, Dókítà Benjamin Ohiaeri, kò ní kí wọ́n jọ̀wọ́ aláìsàn náà kí wàhálà lè tán. Ó dúró ti ìpinnu náà.

Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Dókítà Adadevoh kó àrùn náà lára rẹ̀, òun náà sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò, bí aláìsàn náà bá jáde wọ àárín Èkó! Obìnrin kan rí ohun tí àwọn mìíràn kò rí, ó sọ ọ́, ọ̀gá rẹ̀ sì dúró tì í. Bí ọ̀gá yẹn bá sọ pé “Ta ni ó ní kí o dá wàhálà sílẹ̀ fún wa?”, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀?

OHUN TÍ ÀWỌN MÌÍRÀN TI RÍ

Obìnrin olùkọ́ kan wà ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ni Amy Edmondson. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó wọ àwọn ilé ìwòsàn láti wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣi oògùn lò fún aláìsàn. Ó rò pé ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ dáadáa ni àṣìṣe yóò ti kéré jù. Nígbà tí ó kó ohun tí ó rí jọ, òdìkejì ni ó bá: ibi tí olórí ti dára ni àṣìṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ ti pọ̀. Ẹnu yà á. Nígbà tí ó wádìí síwájú, ó yé e pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe àṣìṣe ju àwọn yòókù lọ, wọ́n ń sọ ọ́ ni. Níbi tí olórí ti le, àṣìṣe wà níbẹ̀, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ní 1999, ó tún kọ ìwádìí mìíràn tí ó fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà kúnná. Ní èdè tiwa, ohun tí ó ń sọ ni pé kí ọkàn òṣìṣẹ́ balẹ̀ pé bí òun bá béèrè ohun tí òun kò mọ̀, bí òun bá jẹ́wọ́ àṣìṣe, bí òun bá ní èrò tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀gá, wọn kò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì ní torí rẹ̀ fìyà jẹ òun.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mú ọgbọ́n kan níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ iṣẹ́ márùn-ún, tí oṣù mẹ́ta kọjá tí ẹnìkankan kò wá sọ fún yín pé “Ọ̀gá, nǹkan kan bàjẹ́ o”, ẹ má tíì máa yọ̀. Kò sí ọjà tí nǹkan kì í ti bàjẹ́. Ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí wọn kò fi sọ fún yín.

Àwọn ará Jàpáànì tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ Toyota, tí ọ̀pọ̀ wa ń wọ̀ lọ sílé ní ìparí ọdún, ta okùn kan sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti ń to ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù, bí ó bá rí ohun tí kò dára, yóò fa okùn náà. Olórí rẹ̀ yóò sáré wá ràn án lọ́wọ́. Bí wọn kò bá rí i tún ṣe kíá, iṣẹ́ yóò dúró. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ìdúró díẹ̀ náà yóò ná wọn kò tó ti ọkọ̀ tí ó bá jáde pẹ̀lú àbùkù lára.

ÀWỌN BÀBÁ WA MỌ̀ Ọ́N

Ẹnìkan lè sọ pé àṣà òyìnbó ni mo gbé dé yìí, pé nílẹ̀ Yorùbá, ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn. Ẹ gbọ́ mi ná. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹni tí ó wà lókè kì í rí ìsàlẹ̀ dáadáa, wọ́n sì la ọ̀nà sílẹ̀ kí òótọ́ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin ni aláṣẹ èkejì òrìṣà. Síbẹ̀, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, tí wọ́n lè sọ fún un pé ohun tí ó ń ṣe kò dára. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òru Èfẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú. Èfẹ̀ yóò dúró láàrin àwùjọ, yóò fi orin bá olóyè wí, yóò sọ ti ọlọ́rọ̀ tí ó ń rẹ́ ènìyàn jẹ, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ mú un fún ohun tí ó sọ ní òru náà. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkè’Bàdàn wà tí ará ìlú ń kọrin sí ẹni ńlá, tí ẹni ńlá náà kò gbọdọ̀ bínú. Kí ni gbogbo èyí bí kò ṣe pé àwọn àgbà mọ̀ pé òótọ́ tí kò bá rí ẹnu gbà jáde, inú ilé ni yóò ti jẹrà?

Àwọn náà ni wọ́n sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Omi tí ń kán ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, inú kèrègbè ni ó wà.

N kò sọ pé kí ọmọ má dọ̀bálẹ̀ mọ́, tàbí kí ó máa dá ọ̀gá lóhùn bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ó sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má bínú, ó jọ pé aṣọ tí ẹ fẹ́ gé yìí kò tó ìwọ̀n tí oníbàárà mú wá.” Ìkúnlẹ̀ kò dí òótọ́ lọ́wọ́. Ẹnu tí a bá fi ìgbátí dí ni kò ní lè sọ ọ́, ìyá oníṣọ́ọ̀bù yóò sì gé aṣọ olówó iyebíye bà á jẹ́.

ÀWA TÍ A WÀ NÍ ÀJÒ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní àjò ju ẹni tí ó wà nílé lọ. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìkìrun, tí ọ̀gá fìyà jẹ ẹ́ kọjá ààlà, yóò sá lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Mọ̀lẹ́bí yóò pe ọ̀gá, wọn yóò jókòó, wọn yóò sì yanjú rẹ̀. Níbí ńkọ́? Ilé ọ̀gá ni ọmọ ń sùn, oúnjẹ ọ̀gá ni ó ń jẹ, ọ̀gá ni yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un. Ọ̀gá ni bàbá, ọ̀gá ni onílé, ọ̀gá náà ni adájọ́. Bí ó bá ní ẹjọ́ sí ọ̀gá, ta ni yóò rò ó fún? Ìdí nìyí tí òmíràn fi ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní òru, tí a kò sì mọ ibi tí ó wọlé sí nínú ìlú ńlá yìí. Ìyá rẹ̀ yóò sì máa pe ọ̀gá láti ilé pé, “Ọmọ mi dà?”

Ti àwọn ọmọbìnrin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó ń kọ́ ìránṣọ tàbí irun ṣíṣe, bí oníbàárà tàbí ará ilé ọ̀gá bá ń fọwọ́ kàn án lọ́nà tí kò yẹ, tí ó sì mọ̀ pé ohun tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù yóò kọ́kọ́ bi òun ni “Kí ni ìwọ náà ṣe fún un?”, kò ní sọ. Yóò máa sunkún ní ìkọ̀kọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ilé ìwòsàn tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìgbà náà ni a ó wá máa bi í pé kí ló dé tí kò tètè sọ.

OHUN TÍ Ọ̀GÁ LÈ ṢE

Èkíní, kí ó ṣọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá mú ìròyìn búburú wá, kí ọ̀gá sọ pé, “O ṣeun tí o tètè sọ. Jẹ́ kí a lọ wò ó.” Bí ìbáwí bá wà, kí ó dúró di ìrọ̀lẹ́, kí ó sì jẹ́ ní kọ̀rọ̀, láìsí èébú bàbá tàbí ìyá ọmọ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù ń wò. Ohun tí ẹ ṣe fún ọ̀kan ni gbogbo wọn yóò fi ṣírò fún ọ̀la.

Èkejì, kí ó máa béèrè, kí ó sì mọ bí a ṣe ń béèrè. Bí ẹ bá ní “Ṣé kò sí wàhálà?”, ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́ ni “Kò sí, sà.” Ẹ béèrè pé, “Kí ni ó fẹ́ bàjẹ́ lónìí? Kí ni o rí tí èmi kò rí?” Kí ẹ sì dúró gbọ́. Bí ẹ bá pe gbogbo wọn jọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kéré jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá tàbí ọmọ iṣẹ́ àgbà bá ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, àwọn kékeré á kàn máa sọ “Bẹ́ẹ̀ ni” lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára àìbìkítà, kí ó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára olè. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe níbi tí ó ti ń gbìyànjú, ẹ̀kọ́ ni kí a fún un. Ẹni tí a ti kọ́, tí kò bìkítà, kí a bá a wí. Ẹni tí ó jalè, kí a pe àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbátí kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà, kí ni ọmọ olóòótọ́ jèrè?

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó bàjẹ́, kí a má ṣe yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí yóò dun ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Owó àpò mẹ́ta tí ẹ gbàgbé ni ẹ fi ra àpò mẹ́tàdínlógójì.

Ẹ̀karùn-ún, kí ọ̀gá náà máa lè sọ pé “Èyí kò yé mi” tàbí “Ìwọ ni o gba eléyìí.” Kò sí ẹni tí yóò gba adé lórí rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá, yóò lè sọ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, kí ó ṣe nǹkan sí ohun tí wọ́n bá sọ. Bí ọmọ bá ní páànù ń jò, ẹ jẹ́ kí ó rí káfíńtà lórí òrùlé. Ọmọ tí ó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí omi ṣì ń kán, kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ kò sì ní lè bá a wí.

Kì í ṣe ohun tí yóò dé ní ọjọ́ kan. Ọmọ tí wọ́n ti ń gbá létí fún ọdún méjì kò ní gbà yín gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Yóò kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kékeré wá láti fi dán yín wò. Ẹyin sì ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ìbínú ọjọ́ kan lè ba sùúrù oṣù mẹ́fà jẹ́.

ẸBẸ̀ MI SÍ ẸGBẸ́

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ yan bàbá àgbà kan àti ìyá àgbà kan tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan lè lọ bá bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í jò, tí ojú ọ̀gá kì í tì láti sọ òótọ́. Kí orúkọ wọn àti nọ́ḿbà wọn wà nínú ìwé àdéhùn tí a ń fọwọ́ sí nígbà tí a bá ń gba ọmọ sẹ́nu ẹ̀kọ́. Kí ọ̀gá náà sì mọ̀ pé ọmọ tí ó lọ síbẹ̀ kò ṣe ọ̀tẹ̀. Ìyá àgbà tí ó fi sílẹ̀ nílé ni ẹgbẹ́ fẹ́ jẹ́ fún un.

Èkejì kan àwa fúnra wa. Ẹ ó náwó lónìí, Ọlọ́run yóò fi púpọ̀ rọ́pò rẹ̀ fún yín. Nígbà tí a bá ń ka ìṣirò owó náà ní ìpàdé, bí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó kéré jù bá nawọ́ sókè pé iye kan kò yé òun, kí a má ṣe sọ pé ta ni ó rán an. Kí a má ṣe pè é ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Kí akápò ṣí ìwé, kí ó sì ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ tí a kò bá ti lè béèrè ìbéèrè nínú ìpàdé, ẹ̀yìn ilé ni wọn yóò ti máa béèrè rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ sì ti ń túká. Akápò tí ó mọ́ ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń gbè.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yín kù. Ẹ má fi ohun tí mo sọ ṣe àfojúdi. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá yín, ẹ ṣiṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí omi tí ń kán, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ tí ó jẹ́ àpò mẹ́ta.

Olódùmarè yóò bá wa kọ́ ilé ẹgbẹ́ yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní bàjẹ́. A kò ní fi ojú sunkún ọmọ tí a mú wá sí àjò. Ọ̀gá yóò gbọ́, ọmọ yóò sọ, ọjà yóò sì máa tà. Gbogbo wa tí a jáde nílé ni a ó padà délé láyọ̀. Àṣẹ.